Hòtẹ́ẹ̀lì gba ìyá mi, wọ́n ní kí èmi máa lọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, Xizhou ní Ṣáínà la wà

Ọmọ Aládìrẹ, 19:52
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ má bínú. Inú ń bí mi, ebi ń pa mí, bátìrì fóònù mi sì ti fẹ́ẹ̀ tán.

Ìyá mi ló wá kí mi láti Abẹ́òkúta. Ìtòkú ni wọ́n ti ń tajà, ìyá tó bí wọn náà, aláró ni. Látìgbà tí mo ti ń kàwé ní Kunming ni mo ti ń sọ fún wọn pé ẹ̀yà kan wà níbí, àwọn Bai, tí ń ṣe àdìrẹ, ewé ni wọ́n sì fi ń pa á láró bíi tiwa. Wọ́n ní irọ́ ni. Wọ́n ní Ṣáínà tó ń kó àyédèrú àdìrẹ wọ Ìtòkú, tó ń ba ọjà jẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́, kí ló mọ̀ nípa aró? Ni mo bá ní ó yá, ká lọ fojú rí i.

Ọmọ Bai kan tá a jọ wà ní kíláàsì ń lọ sílé wọn ní Jianchuan, ló bá fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa dé Dali àtijọ́. Ẹ gbà mí! Ṣọ́ọ̀bù ni gbogbo ẹ̀. Ìlù kékeré kan náà ni wọ́n ń lù níwájú ṣọ́ọ̀bù méjì méjì. Obìnrin kan ṣàdédé nawọ́ mú irun tí mo dì, kò tọrọ àyè. A ra rushan, wàrà kan tí wọ́n sá títí tó fi rí pẹlẹbẹ, tí wọ́n yan lórí iná tí wọ́n wá ká mọ́ igi. Ìyá mi gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní àwọn Fúlàní tó ń ta wàrà nílé ò tiẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ ribiribi làwọn ń ṣe.

Nígbà tó tó aago márùn-ún, a dé Xizhou. Ilé àlejò àkọ́kọ́: ọmọbìnrin tó wà ní kàǹtà gba páásípọ́ọ̀tù ìyá mi, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó kan èmi, ó mi orí. Ìyá mi lè sùn, èmi ò lè sùn! Ibì kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìyá mi ní àwọn ò ní sùn síbi tí ọmọ àwọn ò ti ní sùn. A ti wá jókòó sí Sifangjie láàárín ìlú pẹ̀lú àpótí méjì. Ṣé torí àwọ̀ mi ni? Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Guangzhou
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Guangzhou, hòtẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ló lé mi lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Òjò ń rọ̀, báàgì jíǹsì wà lórí mi, owó tó wà lápò mi kò tó ti oúnjẹ. Ṣọ́ọ̀bù ọmọ Íbò kan ní Xiaobei ni mo padà sùn, orí páálí. Títí dòní, àwa méjèèjì la jọ ń kó kọ̀ǹténà. Torí náà má banú jẹ́.

Ìyá Ìbejì
Ta ló ń gbé ìyá àgbà rìn láì tíì sanwó yàrá sílẹ̀? Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí!

Ọmọ Aládìrẹ
Mo san án, mà. Òru méjì ni mo ti san láti orí fóònù. Ilé tí mo sanwó sí yẹn gan-an ló kọ́kọ́ lé mi.

Olùkọ́ Chengdu
Àbúrò, dúró ná. Tó bá jẹ́ torí àwọ̀ ni, ṣé àwọ̀ màmá yàtọ̀ sí tìrẹ ni? Kí lo fi hàn wọ́n ní kàǹtà? Àti pé ibẹ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mítà 2,000. Tí màmá bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n máa rọra rìn, kí wọ́n máa mu omi.

Ọmọ Aládìrẹ
Ẹ ṣé, sà. Kunming náà ò fi bẹ́ẹ̀ rẹlẹ̀ ju ibí lọ, wọ́n sì ti lo ọjọ́ mẹ́jọ níbẹ̀, ara wọn le. Èmi ni ara mi ò balẹ̀. Ọdún kẹta mi rèé lórílẹ̀-èdè yìí, mo gbọ́ èdè wọn, mi ò jalè, mi ò purọ́.

Ajíhìnrere
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí màmá wọ àwọn ilé òrìṣà ibẹ̀ o. Abúlé kọ̀ọ̀kan ló ní òrìṣà tirẹ̀, benzhu ni wọ́n ń pe òrìṣà náà.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Kí ló kan benzhu nínú ọ̀rọ̀ ẹni tí ò ríbi sùn? Mo ti dé ibẹ̀. Èèyàn ni púpọ̀ nínú àwọn benzhu yẹn tẹ́lẹ̀, bíi Ṣàngó tiwa. Ọ̀kan wà níbẹ̀, Li Mi, ọ̀gágun Ṣáínà ni. Ó kógun wá bá wọn ní 754, wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, ó kú síbẹ̀, síbẹ̀síbẹ̀ wọ́n ń bọ ọ́ títí dòní. Ẹni tó ń bọ ọ̀tá rẹ̀, ṣé ó máa ṣàdédé lé àlejò?

Ajíhìnrere
Ṣàngó lo wá fi ń ṣàpẹẹrẹ. Ó dáa.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Ó dáa náà ni. Ọmọ Aládìrẹ, ṣé o ti rí ògiri funfun inú àgbàlá wọn? Ilé mẹ́ta ló yí àgbàlá ká, ògiri yẹn ló dí ẹ̀gbẹ́ kẹrin. Tí oòrùn bá ti ń lọ sẹ́yìn òkè Cangshan, òun ló ń da ìmọ́lẹ̀ padà sínú ilé. Má kúrò níbẹ̀ láì wo ilé àwọn Yan, ìdílé ńlá kan níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Ẹni tó ń wá ibi sùn lò ń fi ògiri hàn.

Olùkọ́ Chengdu
Mo tún béèrè o. Kí lo fi hàn wọ́n?

Ọmọ Aládìrẹ
Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì wọn níbí ní ká wá sùn sílé òun. Baba ni wọ́n ń pe búrẹ́dì náà, èédú ń jó lókè rẹ̀, èédú ń jó nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí: "Èló ni ẹ ń ta bàbá yín?" Inú wọn ti fẹ́ yọ́ sí obìnrin náà. Ṣé ká tẹ̀ lé e?

Olùkọ́ Chengdu
Ẹ lè tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kí wákàtí 24 tó pé, ẹ gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá àdúgbò. Hòtẹ́ẹ̀lì máa ń bá àlejò ṣe é. Tó bá jẹ́ ilé ẹni ẹlẹ́ni, ẹ̀yin lẹ máa lọ fúnra yín, páásípọ́ọ̀tù ni wọ́n sì máa béèrè. Ìgbà kẹta rèé: tìrẹ dà?

Ọmọ Aládìrẹ, 20:41
Kò sí lọ́wọ́ mi, sà. Ìwé ìgbélùú mi ń parí lọ, mo ti kó páásípọ́ọ̀tù náà fún àwọn ọlọ́pàá tó ń rí sí i ní Kunming lọ́sẹ̀ tó kọjá. Káàdì iléèwé ni mo fi hàn, pẹ̀lú fọ́tò páásípọ́ọ̀tù nínú fóònù. Mi ò rò pé ó kan ọ̀rọ̀ yìí.

Ìyá Ìbejì
Kò kan ọ̀rọ̀ yìí kẹ̀!

Bàbá Guangzhou
Omi tuntun ti rú, ẹja tuntun ti wọ̀ ọ́. Èmi ti ń bá ọ sunkún látẹ̀ẹ̀kan.

Olùkọ́ Chengdu
Ẹ fi í sílẹ̀ ná. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á, ṣé wọn ò fún ọ ní bébà kan tó ní fọ́tò rẹ?

Ọmọ Aládìrẹ
Wọ́n fún mi. Rìsíìtì owó ni mo pè é. Ó wà nínú pọ́ọ̀sì, mo ti ká a sí mẹ́rin.

Olùkọ́ Chengdu
Tú u síta! Òun ló dúró fún páásípọ́ọ̀tù rẹ títí di ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i. Nígbà tí tèmi wà lọ́dọ̀ wọn, òun ni mo fi wọ ọkọ̀ ojú irin. Padà síbi tó o sanwó sí. Tí ọmọ yẹn ò bá rí irú rẹ̀ rí, ní kó pe ọlọ́pàá àdúgbò, kó ka nọ́ńbà orí rẹ̀ sí wọn létí. Má jà. Má mẹ́nu kan àwọ̀.

Bàbá Guangzhou
Kí ló dé tí ò ní mẹ́nu kàn án? Ṣé irọ́ ni?

Ọmọ Aládìrẹ, 21:33
Wọ́n ti gbà mí o! Ẹ̀ẹ̀mejì ló ka nọ́ńbà náà lórí fóònù, ó ya bébà mi ní fọ́tò, ó kọ orúkọ mi sílẹ̀. Ojú tì í, ojú ti èmi náà. Ó wá bu tíì fún wa, oríṣi mẹ́ta. Àkọ́kọ́ korò bí ewúro, ìyá mi ti fẹ́ dìde, ó ní kí wọ́n ní sùúrù. Èkejì dùn, ó ní wàrà ìṣáájú yẹn nínú. Ẹ̀kẹta ní oyin, atalẹ̀, àti ata kan tó ń mú ètè kú. Ìyẹn ni wọ́n ní kó tún bù wá.

Ọmọ Aládìrẹ, ọjọ́ kejì, 11:40
Ẹ káàárọ̀ o. Zhoucheng la wà, abúlé àwọn Bai tó ń ṣe àdìrẹ. Alábẹ́rẹ́ ló pọ̀ jù nínú tiwọn: wọ́n á fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán aṣọ náà pọ̀ kó le, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú aró, wọ́n á sì wá jókòó tú òwú. Ìyá mi lọ bá ìyá àgbà kan tí aró ti wọ̀ ní èékánná, wọ́n gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín já òwú. Ìyá àgbà gbá wọn lọ́wọ́, ó na sísọ́ọ̀sì kékeré sí wọn. Kò sí ẹni tó gbọ́ èdè ẹnì kejì, wọ́n ṣáà ń bá ara wọn wí. Agbá igi ni aró wọn wà, kì í ṣe ìkòkò. Ìyá mi ti ìka bọ̀ ọ́, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní: "Aró ni."

Ìyá Ìbejì
Èló ni wọ́n ń tà á? Bá mi ra ọ̀pá mẹ́rin.

Ọmọ Aládìrẹ
Ìyá mi ní ẹ ní sùúrù, mà. Wọ́n yí ẹ̀yìn àwọn aṣọ tí wọ́n fi kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù kan létí títì wò, funfun báláú. Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Ìyá àgbà rí wọn, ó nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù náà, ó ń sọ̀rọ̀ kíkankíkan, ọmọ rẹ̀ bá mi sọ ọ́ ní èdè Ṣáínà: àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ló ń ba ọjà jẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá mi. Wọ́n ní kí n bi í bóyá ó ti gbọ́ orúkọ Ìtòkú rí.

Ìyá Ìbejì
Ọ̀pá mẹ́rin o, mo ti sọ. Tọwọ́, kì í ṣe tẹ̀rọ.