Oògùn Parkinson ni àbí àgbo? Ẹsẹ̀ Bàbá mi ti lẹ̀ mọ́lẹ̀

Ọmọ Káfíńtà: Ẹ kú ilé o. Ọdún kejì rèé tí dókítà ti sọ pé àrùn Parkinson ló ń ṣe Bàbá mi, ẹni ọdún 68. Levodopa tí wọ́n ń lò ti jẹ́ kí wọ́n máa de bọ́tìnì ẹ̀wù wọn fúnra wọn. Oṣù tó kọjá, àǹtí wa gbé àgbo wá nítorí àìróorunsùn. Lóòótọ́ wọ́n ń sùn, àmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà yàrá báyìí, wọ́n á dúró gbagidi bí ẹni tí wọ́n rẹ́ mọ́ sìmẹ́ńtì. Kí ni kí n ṣe?

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò: Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ẹ má dá levodopa dúró fúnra yín o, ó léwu. Kí ni wọ́n fi se àgbo náà?

Ọmọ Káfíńtà: Àǹtí ní egbò asofẹ́yẹjẹ ni.

Tísà Bàólọ́jì: Háà! Reserpine wà nínú asofẹ́yẹjẹ. Ó pẹ́ tí àwọn babaláwo ti ń fi í tọ́jú alárùn ọpọlọ, ó sì ń mú ara wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì rí dopamine, èròjà tí ọpọlọ fi ń darí ìrìn, kó pamọ́. Ní 1957, Arvid Carlsson ní Sweden fún ehoro ní reserpine, wọn ò lè mira mọ́. Ó fún wọn ní L-dopa, wọ́n dìde. L-dopa yẹn, tó ń di dopamine nínú ọpọlọ, náà ni levodopa Bàbá.

Inú striatum, apá kan nínú ọpọlọ, ni ọ̀rọ̀ wà. GABA ni ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ń tú jáde, iṣẹ́ GABA sì ni kó pa sẹ́ẹ̀lì mìíràn lẹ́nu mọ́. Máígádì kan wà níwájú (globus pallidus ti inú) tó ń ti géètì mọ́ thalamus (apá ọpọlọ tí àṣẹ ìrìn ń gbà kọjá), òun náà ń lo GABA. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ló wà ní striatum, D1 àti D2. Àwọn D1 ń pa máígádì lẹ́nu mọ́: géètì ṣí, ẹsẹ̀ gbéra. Àwọn D2 ń gba kọ̀rọ̀ lọ ti máígádì lẹ́yìn. Dopamine ń ki D1 láyà, ó sì ń mú D2 rọ̀. Tí dopamine bá gbẹ, D2 ló ni ilé. Ẹsẹ̀ Bàbá pé, géètì ló tì.

Ìyá Ìbejì: Wọ́n ní L-dopa wà nínú yèrèpè. Ṣé ẹ ò kàn ní lọ̀ ọ́ fún wọn?

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò: Ó wà níbẹ̀, Ìyá Ìbejì, àmọ́ ta ló mọ iye tó wà nínú ṣíbí kan? Ẹ má fi kún levodopa o. Ọmọ Káfíńtà, ẹ dá àgbo dúró lónìí, kí ẹ gbé ìgò rẹ̀ lọ fún dókítà. Reserpine kì í tètè kúrò lára, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tí Bàbá bá ń bì, ẹ má ra metoclopramide fún wọn, ó ń dí ibi tí dopamine ti ń bá àwọn sẹ́ẹ̀lì D2 sọ̀rọ̀. Kí wọ́n lo levodopa ní bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú mọ́ínmọ́ín tàbí ẹran, torí purotéènì ń bá a du ọ̀nà. Fún ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn, ẹ fa ìlà ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ kí wọ́n máa gbẹ́sẹ̀ kọjá rẹ̀.

Ọmọ Káfíńtà: Ẹ ṣé gan-an ni. A ti bá dókítà sọ̀rọ̀. Ní ti ìlà, Bàbá gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, wọ́n ní tèmi wọ́. Wọ́n ní kí n lọ gbé rúlà wọn wá.