Ìmọ̀ràn: àwo wo la ó fi ṣe ètò rédíò wákàtí méjì lórí ìpadàbọ̀ Elvis Presley àti ìjórẹ̀yìn rẹ̀?

Gbohùngbohùn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà tó mọ orin. Ètò rédíò wákàtí méjì ni, orin àti àlàyé pọ̀: bí Elvis Presley ṣe padà sójú agbo ní 1968, àti bí nǹkan ṣe ń jó àjórẹ̀yìn fún un títí tó fi kú ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ 1977, lẹ́ni ọdún 42. Àwo wo ni ká mú, èwo ni ká fi sílẹ̀? Níbo gan-an sì ni ìjórẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé gbogbo rẹ̀ ló dùn.

Bàbá Àwo
Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dùn, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Burbank, ní California, oṣù Kẹfà 1968. Ètò tẹlifíṣọ̀n NBC ni. Singer, àwọn oní-maṣíìnì ìránṣọ tí gbogbo télọ̀ mọ̀, ló gbówó sílẹ̀, ó sì jáde ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá. Orin Kérésìmesì ni Colonel Tom Parker, máníjà rẹ̀, fẹ́. Steve Binder tó darí ètò náà kò gbà. Láti oṣù Kẹta 1961 ni Elvis kò ti kọrin níwájú èrò mọ́. Fíìmù ló ń ṣe léra léra, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì níyì.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà nìyí: ètò tó jáde lórí afẹ́fẹ́, gígé-lẹ̀ ni. Wọ́n gé ti ọjọ́ 27, tí wọ́n fi jókòó kọrin, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti ọjọ́ 29 tó dúró ṣe. Ẹ wá àwo Tiger Man, tó jáde ní 1998. Ìjókòó kejì ti alẹ́ ọjọ́ 27 ló wà nínú rẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ bó ṣe ń gbóná díẹ̀díẹ̀. Ẹ fetí sí abẹ́ orin náà: kò sí béèsì, nítorí Bill Black, tó máa ń ta béèsì fún Elvis, ti kú ní 1965; kò sì sí ìlù gidi, ẹ̀yìn àpótí gìtá ni D.J. Fontana, onílù rẹ̀ àtijọ́, ń fi igi lù. Gìtá oníná tí Elvis ń rẹ́ yẹn, Scotty Moore, onígìtá rẹ̀ àtijọ́, ló ni ín.

Ìyá Ẹlẹ́gbè
Òótọ́ ni Bàbá Àwo sọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí 1968 gbà ju ìṣẹ́jú 25 lọ. Memphis ni ìpadàbọ̀ náà ti fìdí múlẹ̀, ní American Sound Studio, lọ́wọ́ Chips Moman tó darí ìgbàsílẹ̀ náà, oṣù Kìíní àti oṣù Kejì 1969. Ẹ ra From Elvis in Memphis. Kò sí orin kan tí ẹ ó fò níbẹ̀. "Suspicious Minds" kò sí nínú àwo yẹn bó ṣe kọ́kọ́ jáde o, ẹ wá a lọ́tọ̀. Òun ló gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kọkànlá 1969, kò sì sí òmíràn tó débẹ̀ mọ́ nígbà ayé rẹ̀.

Ẹ kìlọ̀ fún olóòtú yín nípa orin yìí. Nígbà tó bá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀ díẹ̀, ohùn rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀ bíi pé ó ti parí, á sì tún gbérí. Olóòtú tí kò mọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni Las Vegas: International Hotel, láti ọjọ́ 31 oṣù Keje 1969, ìgbà 57 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. James Burton lórí gìtá, Jerry Scheff lórí béèsì, Ronnie Tutt nídìí ìlù. Àwọn Sweet Inspirations ń gbè é, Cissy Houston, ìyá Whitney, sì wà láàárín wọn. Àpótí àwo 11 tó jáde ní 2019, Live 1969, kó odindi eré 11 jọ. Kò pọn dandan kí ẹ rà á fún ètò kan ṣoṣo. In Person at the International Hotel tó.

Ọmọ Ìlù
Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè kejì, nítorí ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé ohùn ló kọ́kọ́ lọ. Rárá o. Ọwọ́ tó fi ń mú orin ló kọ́kọ́ yí padà. Ẹ mú aago. "Hound Dog" ti 1956 lé ní ìṣẹ́jú méjì. Èyí tó kọ ní Honolulu ní 1973, kò ju bí ìṣẹ́jú kan lọ: ó kàn fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ẹ gbé méjèèjì tẹ̀ léra, àlàyé ò ní pọ̀. Síbẹ̀, nínú eré kan náà, ó fara balẹ̀ kọ "An American Trilogy" láìfi nǹkan kan pamọ́. Àwọn orin àtijọ́ ló ti sú u.

Bàbá Àwo
Kí n tún ọ̀kan ṣe lórí Honolulu yẹn kí wọ́n tó ṣì í sọ lórí afẹ́fẹ́. Eré tẹlifíṣọ̀n ni, ní Hawaii, ọjọ́ 14 oṣù Kìíní 1973, aago méjìlá ààbọ̀ òru, kí àkókò lè bá Éṣíà mu lórí sátẹ́láìtì. Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ kò rí i títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin. Dọ́là 25,000 ni wọ́n ń wá fún àpò ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ tí wọ́n fi orúkọ Kui Lee, akọrin Hawaii, pè, 75,000 ló wọlé. Ẹ má sọ pé bílíọ̀nù kan èèyàn ló wò ó. Ẹ ro iye èèyàn inú àwọn orílẹ̀-èdè tó rí i lójú ẹsẹ̀ pọ̀, ọmọ ọwọ́ mọ́ ọn, kò tó bẹ́ẹ̀.

Olówó Orí
Ẹ má fo oṣù Kẹta 1973. Elvis àti Parker ta owó tó yẹ kó máa wọlé lórí gbogbo orin tó ti kọ ṣáájú fún RCA, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde, dọ́là mílíọ̀nù 5.4, Parker sì kó ìdajì. Oko kòkó tó ń so lọ́dọọdún ni wọ́n tà yẹn. Láti ìgbà náà, ojú ọ̀nà lowó ti ń wá: bí kò bá kọrin lálẹ́, kò sí. Yúróòpù ń pè é, kò lọ. Kánádà ní 1957 nìkan ló dé lẹ́yìn Amẹ́ríkà láti kọrin. Ọmọ Breda ní Netherlands ni Parker fúnra rẹ̀, Andreas van Kuijk lorúkọ àbísọ rẹ̀, kò sì ní ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà. Ẹ so ó pọ̀ fúnra yín.

Ti oògùn ńkọ́? Ẹ má sọ ọ́ bí òfófó. Dókítà ló ń kọ ọ́. Láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kẹjọ 1977, oògùn tí Dókítà George Nichopoulos kọ fún un lé ní ẹyọ 10,000. Ohun tó ṣe fún orin rẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́: ahọ́n tó wúwo, èémí tí kò gùn tó bó ṣe yẹ.

Gbohùngbohùn
A dúpẹ́ o. Tí 1974 sí 1977 bá ní ìṣẹ́jú 20 péré, kí ló yẹ kó wọ̀ ọ́?

Ìyá Ẹlẹ́gbè
"How Great Thou Art" ti Memphis, ọjọ́ 20 oṣù Kẹta 1974. Ó gba Grammy. Mẹ́ta péré ló gbà láyé rẹ̀, orin ìyìn sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà "Hurt", tí wọ́n gbà sílẹ̀ nílé rẹ̀, Graceland, ní oṣù Kejì 1976: RCA ló kó ẹ̀rọ lọ bá a. Kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi bo òkè àjà yàrá náà pẹ̀lú, nítorí náà ẹ má retí kí ohùn máa ró padà.

Ẹ má náwó sórí Having Fun with Elvis on Stage, 1974. Ọ̀rọ̀ àti ẹ̀fẹ̀ láàárín orin nìkan ló wà níbẹ̀, orin kò sí.

Ọmọ Ìlù
Ẹ fi "Unchained Melody" ti Rapid City, ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà 1977, kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. CBS ló ya fídíò rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wà nídìí dùùrù, Charlie Hodge, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣeré, ń bá a di máìkì mú sẹ́nu, òógùn bo ojú tó ti wú, ohùn sì jáde. Rédíò ṣàǹfààní níbí: ẹ gbé ohùn náà kọ́kọ́, kí ẹ tó sọ bó ṣe rí.

Ẹ kàn ṣọ́ àkọlé rẹ̀ dáadáa. Èyí tó wà nínú àwo Moody Blue, ti Ann Arbor ni, ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin, wọ́n sì ti fi ohun èlò mìíràn kún un ní sítúdíò. Bí ẹ bá gbé ìyẹn, ẹ má pè é ní ti Rapid City.