Ẹ sọ tiyín: àwọn òbí wa tó fi ayé wọn ṣọ́ igbó ọba

Ọmọ Àjílété (Ògbómọ̀ṣọ́):

Ẹ̀yin ará, a sin bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ lópin oṣù tó kọjá. Olùṣọ́àgùntàn sọ̀rọ̀ wọn gẹ́gẹ́ bíi díákónì, àwọn mọ̀lẹ́bí sọ̀rọ̀ wọn gẹ́gẹ́ bí olórí ẹbí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn ṣe kò gbà ju gbólóhùn kan lọ: "Wọ́n bá ìjọba ṣiṣẹ́ igbó." Ó dùn mí wọra. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, kí ẹ̀yin tí òbí yín náà jẹ́ fọ́rẹ́sítì, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ igbó, lè sọ tiyín mọ́ ọn.

Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ igbó tó wà ní Jẹ́ríkò n'Ìbàdàn, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1939, ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Lẹ́yìn náà, Òkè-Ògùn ni wọ́n ń gbé wọn kiri: Ìgbẹ́tì, Kíṣì, Ṣẹ́pẹ̀tẹ̀rí. Igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba dá sí, là ń pe gbogbo agbègbè yẹn kó tó di 1991 tí ìjọba àpapọ̀ sọ igbó Ọ̀yọ́ Ilé di pákì tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹranko àti igi, ilẹ̀ tó tó kìlómítà onígun mẹ́rin 2,512.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí hámà. Òòlù ni, wọ́n gbẹ́ àmì ìjọba sí i lójú. Bí agégẹdú bá ti gba ìwé àṣẹ, bàbá á bá a wọ igbó, wọ́n á fi téèpù yí igi náà ká níbi tó bá ṣe déédéé àyà èèyàn. Bí kò bá tóbi tó bí òfin ṣe wí, kò sí gígé nìyẹn. Bó bá tóbi tó, tí wọ́n sì gé e, bàbá á lu hámà mọ́ kùkùté, wọ́n á tún lù ú mọ́ ìdí gẹdú tó ń lọ sílé ìlagi. Lọ́rì tó bá kó gẹdú tí kò ní àmì, ẹrù olè ló kó. Ẹni tí hámà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè sọ igi olè di igi òfin lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ni bàbá ṣe máa ń tì í mọ́ inú àpótí kan náà pẹ̀lú Bíbélì wọn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan wá sí kúọ́tásì wa, ó ní kí bàbá ṣáà yá òun ní hámà mọ́jú. Ó gbé owó sórí tábìlì. A ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbàdúrà alẹ́ ni. Bàbá ní kó jókòó. Wọ́n bi í léèrè orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àdúrà, wọ́n ní kí Ọlọ́run fún bàbá wọn ní iṣẹ́ tí kò ní máa fi òru ṣe. Nígbà tí a ṣe àmín tán, màmá mi dá owó náà padà sí i lọ́wọ́, wọ́n sì bu ọkà fún un. Ó jẹ ẹ́. Mi ò tíì gbọ́ ìwàásù tó ju ìyẹn lọ.

Iná ló máa ń gba oorun lójú bàbá jù. Ní Òkè-Ògùn, koríko ga ju èèyàn lọ. Bí ọyẹ́ bá ti gbẹ ẹ́ tán, iná tí ọdẹ dá láti fi lé ẹran, tàbí èyí tí darandaran dá kí koríko tútù lè hù, á jó gbogbo igi kéékèèké run. Nítorí náà, bí òjò bá ti ń dáwọ́ dúró, tí koríko ò tíì gbẹ dénú, bàbá àti àwọn lébìrà á ti kọ́kọ́ sun ún fúnra wọn níwọ̀nba, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tí atẹ́gùn bá rọlẹ̀. Iná bẹ́ẹ̀ kì í ga. Èyí tó bá dé ní oṣù kejì ọdún kò ní rí nǹkan kan jẹ mọ́. Àwọn ará abúlé á máa ráhùn pé fọ́rẹ́sítì tó ní ká má sun igbó ló ń sun ún yìí, bàbá á sì tún jókòó ṣàlàyé.

Tí a bá gba ọlidé, inú igbó la ti ń lọ bá wọn. Wọ́n á ní kí n fi ọwọ́ ra ọ̀mùnú ewé tíìkì, ọwọ́ mi á pọ́n bí ẹni fi osùn pa á. A máa ń ṣa ọmọ igi apá, dúdú tó ń dán, tó dé fìlà olómi ọsàn. Bí Ọjọ́ Ìsinmi bá ká wọn mọ́ ibùdó, ìwé orin wà nínú àpò wọn. Àwọn lébìrà, àti Mùsùlùmí inú wọn, á jókòó gbọ́ orin.

Ìyá Ìbejì (Kíṣì):

Ẹ kú àṣeyìndè bàbá o. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dára. Èmi ò bí fọ́rẹ́sítì, fọ́rẹ́sítì ò bí mi, ṣùgbọ́n etí igbó ọba ni ìyá mi ti ń ṣa èso òrí. Fọ́rẹ́sítì ìgbà náà kì í lé wọn. Ohun tó ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n má ṣe gé igi òrí dáná. Òrí tí ìyá mi fọ̀ tà ni wọ́n fi rán mi níwèé. Ní báyìí, igi òrí gan-an ni wọ́n ń gé sun èédú, ó ń bí mi nínú.

Ọmọ Aláàfin (Ọ̀yọ́):

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrántí bàbá. Mo ní ilẹ̀ díẹ̀ lọ́nà Ìsẹ́yìn, mo fẹ́ gbin tíìkì sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rí ẹni tó gbin hóró rẹ̀ tí kò hù. Kí ni bàbá máa ń ṣe sí tiwọn?

Ọmọ Àjílété:

Àbúrò, èèpo rẹ̀ ló le. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kẹ́ ẹ sá a sóòrùn lọ́jọ́ kejì, kẹ́ ẹ tún rẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kẹ́ ẹ tó gbìn ín. Ẹ má gbìn ín síbi tómi ń dúró sí, tíìkì ò fẹ́ àbàtà. Bàbá máa ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ sáàárín wọn títí ewé wọn á fi pàdé lókè, owó oúnjẹ yẹn ni wọ́n fi ń san owó oko ríro. Hóró ṣì wà nílé bàbá. Ẹ wá mú un kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀.