Keaton níwájú kámẹ́rà: ta ló ń darí ẹni tó ń ṣeré?

Olùbéèrè: Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà sinimá aláìlóhùn. Nínú Steamboat Bill, Jr. (1928), orúkọ Charles Reisner nìkan ni wọ́n kọ gẹ́gẹ́ bí olùdarí, síbẹ̀ Buster Keaton, òṣèré ẹ̀fẹ̀ ará Amẹ́ríkà tó ṣeré nínú rẹ̀, ni gbogbo ayé ń yìn. Báwo ni òṣèré ṣe ń darí àwòrán tí òun fúnra rẹ̀ wà nínú ẹ̀?

Àjàní: Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Kámẹ́rà ni Keaton kọ́kọ́ kọ́. Lọ́dún 1917 tó dé ọ̀dọ̀ Roscoe Arbuckle, òṣèré ẹ̀fẹ̀ àti olùdarí, ní New York, ó tú kámẹ́rà palẹ̀ kó lè mọ bí fíìmù ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá. Nígbà tó ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́dún 1920, òun àti olùdarí Eddie Cline ni wọ́n jọ ń darí. Orúkọ tí wọ́n kọ síbẹ̀rẹ̀ sinimá kò tó láti fi mọ ẹni tó gbé eré kalẹ̀.

Ìyá Bọ́lá: Ẹ wo The Play House (1921). Keaton mẹ́sàn-án ló tò sórí ìtàgé lẹ́ẹ̀kan náà! Àpótí ni wọ́n fi bo ojú lẹ́ńsì, ìbòjú tóóró mẹ́sàn-án ló sì wà lára rẹ̀. Wọ́n á ṣí ẹyọ kan, wọ́n á ya Keaton kan, wọ́n á pa á dé, wọ́n á yí fíìmù padà síbẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá ṣí èyí tó kàn. Ọwọ́ ni Elgin Lessley, ayàwòrán Keaton, fi ń yí kámẹ́rà. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá yá jù nígbà kẹjọ, Keaton ọ̀hún á máa falẹ̀ lójú àwòrán, méje tó ti wà nílẹ̀ á sì bá a ṣòfò, torí fíìmù kan náà ni. Bí ìbòjú bá sún díẹ̀, ìlà á hàn láàárín ẹni méjì.

Dèjì: Ìyá Bọ́lá, ẹ ṣeun. Irú ìwọ̀n pípé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fi ṣe ògiri tó wó lu Keaton nínú Steamboat Bill. Ògiri gidi ni, bíi tọ́ọ̀nù méjì. Wọ́n so ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ilẹ̀kùn ṣe ń so mọ́ férémù, kó má bàa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó bá ń ṣubú. Ojú fèrèsé òkè ló gba orí Keaton kọjá, ààyè tó ṣẹ́kù kò ju íǹṣì díẹ̀. Wọ́n sàmì síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa wà. Bó bá yẹ̀ níbẹ̀, ó parí.

Ohun tó dùn mí ni pé ọdún 1928 yẹn gan-an ni Keaton fọwọ́ síwèé fún MGM, ilé iṣẹ́ sinimá ńlá. Wọ́n ní kí ìwé eré pé kí wọ́n tó ya ohunkóhun, bẹ́ẹ̀ ẹnu iṣẹ́ ni Keaton ti máa ń rí ẹ̀fẹ̀ tirẹ̀. The Cameraman, sinimá tó kọ́kọ́ ṣe fún wọn, ṣì dáa. Lẹ́yìn Spite Marriage (1929), àṣẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn alákòóso ló ń pinnu ohun tó máa ṣe.