Ẹ sọ tiyín: ta ló ti gbé ṣíìsì tàbí ṣokolétì yíyọ́ síwájú àlejò rí?

Tóyọ̀sí Ajílété: Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti ṣe fondue nílé rí, èyí tí wọ́n ń yọ́ ṣokolétì kéèyàn máa ki èso bọ inú ẹ̀? Àbí tíréè ṣíìsì? Èmi ṣe é fáwọn ará ilé ọkọ mi, mo ní kí n ṣe bí ọ̀làjú. Ìyá ọkọ mi wo abọ́ náà títí, wọ́n ní "ẹ̀kọ kòkó nìyí?", kí n tó dáhùn wọ́n ti gbé e sẹ́nu. Gbogbo ẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé àkàrà ẹ̀ dà.

Àdìsá Akẹ̀sán: Àkàrà ẹ̀ dà 😂😂😂 Màmá ò jẹ̀bi o

Ìyá Ìbejì: Tèmi burú ju ìyẹn lọ. Mo rí i lórí fóònù báwọn ará Switzerland ṣe ń yọ́ ṣíìsì sínú ìkòkò, wọ́n ń fi búrẹ́dì jẹ ẹ́, mo ní kí ló dé tí mi ò ní fi wàrà ṣe tèmi, ṣebí ṣíìsì náà ni. Mo ra wàrà lọ́wọ́ ìyá Fúlàní kan ní Tákíè, mo gé e wẹ́wẹ́, mo dà á sí ìkòkò. Ẹ gbà mí. Mo rò ó rò ó, apá ń ro mí, wàrà kọ̀ kò yọ́, ṣe ló ń le sí i, omi ń sun lára ẹ̀, ó ń dún fíkífíkí lábẹ́ ṣíbí. Àlejò sì ti jókòó sí pálọ̀. Mo bá sáré da òróró sí i, ata, àlùbọ́sà, mo ní wàrà díndín ni mo fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀.

Bàbá Sábó: Wàrà kì í yọ́, ìdí nìyẹn tá a fi ń rí i dín. Oje bòmubòmu ni wọ́n fi ń mú un dì lórí iná. Gruyère, ìyẹn ṣíìsì táwọn Switzerland ń lò, ń yọ́ bí òrí ni, wọ́n tún máa ń bu wáìnì sí i kó má baà ta kókó.

Tóyọ̀sí Ajílété: Ẹ ṣé sà. Àbí wàrà kì í wá ṣe ṣíìsì ni?

Bàbá Sábó: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣebí iṣu náà ni ewùrà, ẹ gún un kẹ́ ẹ wò ó.

Àdìsá Akẹ̀sán: Ìyá mi àgbà máa ń gún ewùrà o

Bàbá Sábó: Irọ́. Ọ̀jọ̀jọ̀ ni wọ́n ń ṣe.

Àdìsá Akẹ̀sán: Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ ìyá mi àgbà jù mí lọ?

Sístà Déborà: Ẹ jẹ́ á padà sórí ṣokolétì jàre. Tèmi ti ń yọ́ dáadáa, abọ́ kékeré lórí ìkòkò omi gbígbóná, mo wá fi ṣíbí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ rò ó. Omi tó kán sí i ò tó nǹkan, kíá ló ta kókó bí àmàlà tí wọn ò rò dénú. Àǹtí mi ló ní kí n má dà á nù, kí n máa bu mílíìkì gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀, ó sì padà dán. Máńgòrò la fi jẹ ẹ́, mo kọ́kọ́ fi aṣọ nu omi ara ẹ̀. Ta ló fẹ́ máa wá strawberry kiri Ògbómọ̀ṣọ́?

Kẹ́hìndé: Ní tiwa, ẹ̀gbọ́n bàbá mi gé máńgòrò jẹ ìdajì, wọ́n wá ki ìdajì tó kù padà sínú abọ́. Kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀. Gbogbo wa ní a ti yó.

Àdìsá Akẹ̀sán: "A ti yó" 😂 mo kú

Ìyá Ìbejì: Tíréè ni mo ń tò báyìí. Wàrà díndín, wàrà funfun tí mo fi yájì wọ́n, kajú, dábínù, cheddar kékeré kan láàárín kí wọ́n lè mọ̀ pé a lajú. Ẹ yọ cheddar yẹn nínú fíríìjì ní ààbọ̀ wákàtí ṣáájú, tó bá tutù jù kì í dùn. Wàrà ló sì máa ń kọ́kọ́ tán.

Kẹ́hìndé: Fíríìjì wo? Iná wo?

Tóyọ̀sí Ajílété: Ìyá Ìbejì, ìgbà wo la lè bá ìyá Fúlàní yẹn? Ìyá ọkọ mi tún ń bọ̀ ní Sátidé.

Ìyá Ìbejì: Ẹ tètè jí o, tó bá fi máa di aago mẹ́sàn-án ó ti tà tán. Kẹ́ ẹ sì ra àkàrà bọ̀.