Ọmọ tó ń bèèrè “èló lẹ máa fún mi?” kó tó dìde: báwo la ṣe ń fi oríṣiríṣi èrè iṣẹ́ hàn án?

Màmá_Ọmọ_Méjì:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ni mo bá wá. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 11, àbúrò jẹ́ ọmọ ọdún 7. Ní báyìí, kò sí iṣẹ́ tí a rán wọn tí wọn kì í kọ́kọ́ bèèrè iye tó wà níbẹ̀, títí kan abọ́ fífọ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rò pé owó nìkan ni èrè iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni mi ò fẹ́ kí wọ́n dàgbà láìmọ bí a ṣe ń pa owó. Iṣẹ́ wo ló yẹ kí n sanwó fún, èwo ni kò yẹ, báwo ni wọ́n sì ṣe lè fojú ara wọn rí èrè yòókù? Ohun tí mo lè fọwọ́ mú ni mo ń fẹ́, ẹ jọ̀ọ́.

Tísà_Jẹ́jẹ́:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Iṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ tó dá owó sí i. Ilé gbígbá, abọ́ fífọ̀, omi pípọn, ibùsùn títẹ́: ẹ má san kọ́bọ̀ lórí ìwọ̀nyí. Gbogbo ẹni tó ń jẹun nínú ilé ló ń ṣe é, ẹnikẹ́ni kì í sì í sanwó fún ẹni tó dáná. Iṣẹ́ tí ẹ̀ bá gbé fún ará ìta ni kí ẹ sanwó lé lórí, bíi mọ́tò fífọ̀ tàbí ẹ̀gúsí bíbó.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ẹ̀gúsí. Ìwọ̀n ni kí ẹ fi sanwó, kì í ṣe wákàtí, torí ọmọ tó mọ̀ pé wákàtí ló ń mú owó wá á máa fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Agolo mílíìkì ni kí ẹ fi wọn ti ọmọ ọdún 7, kóńgò tóbi jù fún un. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ iye owó agolo kan, kí ẹ sì fi èyí tó dára hàn án: kò sí èèpo nínú rẹ̀, kò sí èyí tó fọ́ wẹ́wẹ́. Bí ẹ bá rí èèpo, ẹ dá a padà kó ṣà á. Ẹ má gé owó rẹ̀. Tó bá ti pé, ẹ sanwó lọ́jọ́ náà gan-an.

Nǹkan méjì ló máa ń ba ètò yìí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni kí a gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ nítorí pé ó ṣe àfojúdi níbòmíràn. Ẹ bá a wí lórí àfojúdi, owó ti di tirẹ̀. Èkejì ló burú jù: owó tí a ní a fẹ́ “bá ọmọ tọ́jú” tí kò padà wá mọ́. Ẹ ra kóló fún un, kó máa gbọ́ ìró owó rẹ̀ nínú rẹ̀.

Olùtọ́_Ọmọ:
Ọ̀rọ̀ Tísà gún régé. Mo fẹ́ fi kún un pé iṣẹ́ tí ọmọ ti fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ kò yẹ ní dídíyelé. Ní 1973, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett ṣàyẹ̀wò àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ti Yunifásítì Stanford. Àwọn ọmọ yìí fẹ́ràn àwòrán yíyà. Wọ́n ṣèlérí ìwé ẹ̀yẹ fún àwọn kan bí wọ́n bá yàwòrán, wọ́n fún àwọn kan ní tiwọn lójijì, wọn ò fún àwọn yòókù ní nǹkan kan. Nígbà tó yá tí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ kí kálukú ṣe ohun tó wù ú, àwọn tí wọ́n ṣèlérí fún kò yàwòrán ju nǹkan bí ìdajì ti àwọn yòókù lọ. Àwọn tó gba ẹ̀bùn lójijì kò dẹwọ́ rárá.

Nítorí náà, bí àbúrò bá fẹ́ràn àtimáa fún adìyẹ lóúnjẹ, ẹ má dárúkọ owó níbẹ̀. Ohun tó ṣe ni kí ẹ sọ: “Omi ń bẹ nínú abọ́ wọn láti àárọ̀, o ò gbàgbé.” Ìyẹn wọ ọmọ lára ju “o ṣeun, ọmọ dáadáa” lọ.

Àgbẹ̀_Ẹ̀fọ́:
Ẹ fún kálukú ní ebè tirẹ̀, mítà kan sí méjì. Tẹ̀tẹ̀ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, torí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó ti tó gé, ọmọdé kì í lè dúró ju bẹ́ẹ̀ lọ. Irúgbìn rẹ̀ kéré púpọ̀. Bí ọmọ bá fọ́n ọn lásán, ojú kan ni gbogbo rẹ̀ máa dà sí. Ẹ po ìlàjì ṣíbí tíì irúgbìn mọ́ agolo yanrìn gbígbẹ méjì, kó wá fọ́n ọn káàkiri. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù máa ń jó ọ̀gbìn, èyí tó ti jẹrà tó ti gbẹ ni kí ẹ lò.

Bí wọ́n bá fẹ́ ewédú, àgbàlagbà ni kó tọ́jú irúgbìn rẹ̀. Èèpo rẹ̀ le, kì í tètè hù, ọmọ á sì rò pé òun ni kò mọ iṣẹ́ ṣe. Ẹ dì í sínú aṣọ tín-ín-rín, ẹ rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ẹ ka ení, èjì dé ẹẹ́wàá, ẹ gbé e sínú omi tútù, kí ẹ sá a níbòji.

Èyí tí wọ́n bá yọ kí ebè má baà dí ni èrè àkọ́kọ́: ẹ sè é lálẹ́ ọjọ́ náà, kí gbogbo ilé mọ ẹni tó gbìn ín. Nígbà ìkórè, kí wọ́n gé e, kí wọ́n má fà á tu. Bí kùkùté bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 15, á tún rúwé. Èyí tí wọ́n bá tà, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, owó tó jáde lápá kan, owó tó wọlé lápá kejì. Ká ní irúgbìn àti ìgbẹ́ adìyẹ jẹ́ ₦1,200, tí wọ́n ta ẹ̀fọ́ ₦2,000, ₦800 ni èrè. Ẹ yọ ₦1,200 náà kúrò níṣojú wọn kí wọ́n tó ná nǹkan kan. Tí ebè ẹnì kan bá kún fún koríko, ẹ má bá a ro ó lóru o.

Ará_Ìbàdàn:
Ẹ má gbàgbé àáró. Ọmọ mẹ́ta tí agbára wọn dọ́gba, ebè ẹnì kan lónìí, ti ẹnì kejì ní Sátidé tó ń bọ̀, títí á fi kárí. Iṣẹ́ ni èrè iṣẹ́ níbẹ̀, ẹni tí kò bá san tirẹ̀ padà kò ní rí ẹni bá a ṣe mọ́. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí i: ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń se oúnjẹ, a kì í ka iye ọjọ́ fún ara wa.

Ti alájọ náà dára fún ọmọ ọdún 11. Bó bá ń dá ₦100 lójúmọ́ fún ọjọ́ 30, ₦2,900 ló máa gbà. Ẹ bi í pé níbo ni ₦100 yòókù lọ. Owó iṣẹ́ alájọ tó ń wá gbà á lójoojúmọ́ ni.

Kí iṣẹ́ yìí má sì kọjá ààlà. Abala 28 Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 gba iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ ẹbí, bí iṣẹ́ oko, ọgbà tàbí iṣẹ́ ilé. Òfin kan náà ka kíkiri ọjà lójú títì léèwọ̀ fún ọmọdé. Ẹ bá wọn gbé ẹ̀fọ́ náà fún ẹni tó ń tà lọ́jà.

Màmá_Ọmọ_Méjì:
Ẹ ṣeun gan-an, Elédùmarè á bá wa wo àwọn ọmọ. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé iye kan náà ni kí n máa san fún àwọn méjèèjì?

Tísà_Jẹ́jẹ́:
Iye kan náà lórí agolo kan, mà. Ẹ̀gbọ́n á bó agolo mẹ́rin kí àbúrò tó bó ẹyọ kan, owó rẹ̀ á sì pọ̀ jù, kò sí ìjà níbẹ̀. Ẹ má fi kún ti àbúrò kó má baà sunkún. Ẹ fún un ní iṣẹ́ tí ọwọ́ kékeré yá sí, bíi ẹ̀wà ṣíṣà.