Àbúrò mi tó lọ ṣe fọlọ́ńtíà ní Gáḿbíà fẹ́ máa bọ̀ wálé, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ẹ káàsán o ẹ̀yin ará, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Abẹ́òkúta la wà, Ọ̀bàǹtokò. Àbúrò mi obìnrin, tíṣà máàsì ni, ẹgbẹ́ kan mú un lọ sí Gáḿbíà kó lọ máa kọ́ àwọn ọmọ ní Sóma, alawáǹsì ni wọ́n ń fún un, kì í ṣe owó oṣù. Ìparí oṣù kẹsàn-án ló lọ. Nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀ ẹ ò lè gbà á lẹ́nu ẹ̀, fọ́tò lónìí fídíò lọ́la, odò rèé, ọjà rèé, àfi bó ṣe di ẹkún lórí fóònù. Ó ní wọn ò ka òun sí, tóun bá wọ yàrá àwọn tíṣà wọ́n á máa sọ èdè Mandinka lọ ràì, òun ya táìmùtébù tó dáa ju tiwọn lọ gbé fún pírínsípà, ó ní ó ṣeun, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀, ó parí. Àwọn ọmọ gan-an ò pé ní kíláàsì, wọ́n ń bá àwọn òbí wọn kórè ẹ̀pà. Tílẹ̀ bá ṣú á ti ilẹ̀kùn, á dá íńdómì jẹ. Màmá wa ń pè é láràárọ̀, òun náà ń sunkún, ó ti ní kó máa bọ̀ kíá, pé iṣẹ́ tí ò lówó lórí, kí ló ń wá níbẹ̀. Ṣé bó ṣe máa ń rí níbẹ̀rẹ̀ nìyí àbí ká ní kó máa bọ̀ lóòótọ́?

Ìyá Ìbejì Aṣérò: Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ara ẹ̀ yá. Ṣé ó ń sùn nínú nẹ́ẹ̀tì? Ṣé yàrá ẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́, ṣé ò sí ọkùnrin tó ń yọ ọ́ lẹ́nu? Tó bá jẹ́ ọ̀kan nínú ìyẹn ni, kó wọkọ̀ lọ́la. Tó bá jẹ́ àárò ilé, ìyẹn yàtọ̀.

Ẹni tó béèrè: Ara ẹ̀ yá mà. Inú ilé bàbá kan àtàwọn ìyàwó ẹ̀ méjì ló ń gbé, wọ́n ń tọ́jú ẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Serekunda: Fọlọ́ńtíà ló gbé èmi náà dé Gáḿbíà yìí kí n tó jókòó síbí. Ẹ̀gbọ́n, táìmùtébù yẹn ti yá jù. Níbí, tó o bá fẹ́ ra búrẹ́dì tapalapa láàárọ̀, wàá kọ́kọ́ ṣe salaam aleikum, ẹni tó ń tà á á bi ọ́ pé "suumoolu lee?", àwọn ará ilé ńkọ́, ìwọ á ní "i be jee", wọ́n wà níbẹ̀, ìwọ náà á bi í padà, kẹ́ ẹ tó dórí búrẹ́dì. Àwa Ẹ̀gbá tá a mọ̀ ọ́n kí yìí, tá a bá ti dókèèrè a ó bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú, kí ló fà á ná?

Kó fi íńdómì sílẹ̀. Tí wọ́n bá gbé abọ́ domoda kalẹ̀ lọ́sàn-án, ìyẹn ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà, kó fọwọ́ kó jókòó tì wọ́n, ọwọ́ ọ̀tún ni, iwájú ẹ̀ nìkan ni kó ti máa bù ú, kó má nawọ́ kọjá sí ti ẹlòmíì, ìyá ilé fúnra ẹ̀ ló máa ya ẹja sí iwájú ẹ̀. Ó dá mi lójú pé wọ́n ti ń pè é. Ó rò pé "ẹ wá jẹun" tiwa tá a fi ń ṣàpọ́nlé lásán ni, táwa á ní "á gba ibi ire". Àwọn ò ṣe é lásán o, tó ò bá jẹ ẹ́ ó máa ń dùn wọ́n.

Tó bá dìrọ̀lẹ́, kó wá ibi tí wọ́n ti ń se attaya. Tíì ni, wọ́n á gbé kẹ́tùlù kékeré lórí èédú, ṣúgà rẹpẹtẹ, wọ́n á máa dà á látòkè sínú kọ́ọ̀pù tíntìntín títí á fi hó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń sè é, ti àkọ́kọ́ korò bí ewúro, ìkẹta ló dùn. Ó ń pẹ́. Ìdí attaya yẹn làwọn tíṣà ti ń sọ̀rọ̀ ilé ìwé, ibẹ̀ ni wọ́n á ti béèrè táìmùtébù lọ́wọ́ ẹ̀.

Bọ̀dá Tíṣà: Ẹ̀pà yẹn ni wọ́n fi ń jẹun nílé àwọn ọmọ náà, tí ìkórè bá tán wọ́n á padà sí kíláàsì. Àwọn TAC, ìyẹn Technical Aid Corps tí ìjọba àpapọ̀ wa dá sílẹ̀ ní 1987 láti máa rán fọlọ́ńtíà lọ sókè òkun, ọdún méjì ni wọ́n fi ń rán èèyàn lọ, lójú tèmi ẹni tó bá ṣe oṣù méjì ò tíì débẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹgbẹ́ yẹn ò bá san alawáǹsì déédéé, kó máa bọ̀ jàre, èèyàn kì í febi ṣe fọlọ́ńtíà.

Alhaja Aláàdìrẹ, Ìtòkú: Ṣé èmi nìkan ni mo rí i pé màmá ni wàhálà? Ìyá ń sunkún lórí fóònù láàárọ̀, báwo lọmọ ṣe fẹ́ lọ kọ́ máàsì? Ẹ fi pípè yẹn sí ọjọ́ Sunday nìkan. Wákàtí kan ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa o, tí màmá bá pè laago mẹ́fà, aago márùn-ún ni níbẹ̀, ẹ máa ń jí ọmọ ọlọ́mọ lójú oorun. Ẹ fi àdìrẹ ránṣẹ́ sáwọn ìyàwó ilé yẹn. Méjèèjì o! Ẹ má lọ fún ọ̀kan.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo kà á fún un lórí fóònù. Ó ní lóòótọ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pe òun wá jẹun, ṣe lòun máa ń rẹ́rìn-ín pé òun ti yó. Alawáǹsì ń wọlé. A ti jọ sọ ọ́ pé kó dúró di Kérésì ná. Màmá ò gbà fún Sunday nìkan, ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ibẹ̀ la bá a dé. Àbúrò mi wá ń bẹ̀bẹ̀ fún èlùbọ́ láfún. Ta ló ń lọ sọ́nà ibẹ̀?

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Serekunda: Mò ń bọ̀ wá sí Abẹ́òkúta fún ìnáwó lóṣù tó ń bọ̀. Kílò márùn-ún ni mo lè bá yín gbé, ẹ dì í dáadáa sínú náílọ́nù méjì, èmi náà á bù níbẹ̀ o.